Jẹ́nífà kú oríire, Alákadá kú oríire!

Ẹ lulù, ẹ jó! Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Jẹ́nífà àti Alákadá jọ gba ilé sinimá lẹ́ẹ̀kan náà. Òṣèrébìnrin Fúnkẹ́ Akíndélé gbé Everybody Loves Jenifa jáde, òṣèrébìnrin Tóyìn Abraham gbé Alakada: Bad and Boujee jáde, àwa tí a fẹ́ràn eré wa sì ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn bí ẹni tí wọ́n pè sí ìnáwó méjì lọ́jọ́ kan. Ọdún yẹn gan-an ló pé ọdún mẹ́wàá tí eré tẹlifíṣọ̀n Jenifa's Diary ti bẹ̀rẹ̀, ó sì pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí a ti mọ Jẹ́nífà fúnra rẹ̀. Oríire ńlá ni. Ẹ jẹ́ ká kí Fúnkẹ́ àti Tóyìn bó ṣe tọ́, ká má fi ìkíni ẹnì kan bu ẹnì kejì kù.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn olólùfẹ́ wọn kì í sinmi. Ta ló mọ eré ṣe jù? Ìyẹn ni wọ́n ń bára wọn fà láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń bára wọn fà lálẹ́. Kò kúkú burú kí á fi wọ́n wéra. Ẹni tó mọṣẹ́ ni wọ́n ń fi wé ẹni tó mọṣẹ́. Èmi náà á ṣe é, tayọ̀tayọ̀.

Ẹ wo ìtàn tó sọ kálukú wọn di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nínú Jenifa tó jáde lọ́dún 2008, Sùlíátù ọmọ abúlé wọ yunifásítì, ó rí àwọn ọmọge ìgboro, ló bá sọ ara rẹ̀ di Jẹ́nífà. Nínú Alakada, Yétúndé ọmọ tálákà wọ yunifásítì, ló bá ń purọ́ kiri pé ọmọ olówó ni òun. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wọlé, àbí? Ibi tí wọ́n ti pínyà ni adùn wà. Ẹnu Jẹ́nífà ló ń tú u fó: bó bá ti la ẹnu sọ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, gbogbo yàrá ti mọ ibi tó ti wá, òun nìkan ni kò mọ̀. Ẹnu Yétúndé dán ní tirẹ̀. Ilé tó sá kúrò níbẹ̀ ni kò yéé lé e bọ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa, ẹ̀rù ń bà á, bí a sì ṣe ń rẹ́rìn-ín la ń rí ẹ̀rù náà lójú rẹ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti mọ ẹ̀bùn olúkúlùkù. Ahọ́n ni Fúnkẹ́ fi ń ṣeré. Ojú ni Tóyìn fi ń ṣe tirẹ̀.

Ahọ́n Fúnkẹ́! Ẹni tó bá dàgbà tó láti rántí I Need to Know, eré tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, á rántí Bísí, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já geere. Ọmọ Ìkòròdú yìí kan náà, tó lọ sí Pólì Moshood Abiola ní Abẹ́òkúta, tó tún kàwé òfin ní Yunifásítì Èkó, ló wá fọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí wẹ́wẹ́ fún wa lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹ fetí sí i dáadáa: àṣìṣe Jẹ́nífà létò. Ohùn Yorùbá ló fi ń gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú kì í sì í tì í. Bí wọ́n bá tún un ṣe fún un, á fi ìgboyà sọ òmíràn tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́dún 2009, AMAA, ètò àmì ẹ̀yẹ fíìmù Áfíríkà, fún un ní àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó ta yọ jù lọ nítorí ipa yìí. Ó tọ́ sí i ju títọ́ lọ. Kò rọrùn láti ṣe ẹni tí ayé ń fi rẹ́rìn-ín kí ayé sì tún fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn.

Ojú Tóyìn ńkọ́? Auchi ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni wọ́n ti bí i, Ìbàdàn ló gbé dàgbà, Ìbàdàn náà ni Bukky Wright wá ya fíìmù sí lọ́dún 2003 tí ọmọbìnrin yìí fi ráyè wọ iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká fi Alákadá sílẹ̀ díẹ̀, ká wo Elevator Baby ti ọdún 2019. Lífítì há. Aboyún kan tó ń jẹ́ Abigail ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ olówó kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ìgbẹ̀bí, ọmọ sì ń bọ̀. Kò sí aṣọ àríyá, kò sí ijó, kò sí ibi tí òṣèré lè sá sí. Ojú ìrọbí lásán ló kù fún wa láti wò, Tóyìn sì mú wa dúró síbẹ̀ títí.

Ní Oṣù Kẹta ọdún 2020, AMVCA, ètò àmì ẹ̀yẹ fíìmù mìíràn, pe òṣèré jọ sí Èkó. Tóyìn gba àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó ta yọ jù lọ nínú eré dírámà fún Elevator Baby, Fúnkẹ́ gba ti eré apanilẹ́rìn-ín fún Moms at War. Alẹ́ kan náà o! Àwọn tó ń jà lé wọn lórí, ṣé ẹ ti gbàgbé ni?

Ní ti ọjà, Fúnkẹ́ ló ń ṣáájú, kò ṣeé jiyàn. Omo Ghetto: The Saga jáde lọ́dún 2020, láàárín kòrónà, ó sì pa ju ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù náírà lọ. Battle on Buka Street tẹ̀ lé e lọ́dún 2022. Ní ìparí ọdún 2023, A Tribe Called Judah jáde, ìtàn ìyá ọlọ́mọkùnrin márùn-ún tí bàbá kálukú wọn yàtọ̀; nígbà tó di Oṣù Kìíní ọdún 2024, ó di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nílé sinimá wa. Jẹ́nífà tún dé, ó fo ìyẹn náà kọjá!

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jà. Ijakumo ti Tóyìn ló bá Buka Street ṣe Kérésìmesì, Malaika bá Judah ṣe é, Alákadá bá Jẹ́nífà ṣe é. Ọdún mẹ́ta léra, kò yẹ̀. Bí àwọn obìnrin méjèèjì yìí ṣe fẹsẹ̀ rinlẹ̀ ní Oṣù Kejìlá ni wọ́n fi kó èrò sinimá àgbéléwò, àwọn tó ń fi síídì wo eré ní pálọ̀ tẹ́lẹ̀, wá sórí àga ilé sinimá tọkọtaya, tọmọtọmọ.

Bí ẹ bá fi dandan ní kí n yàn, màá yàn. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀rín, àti ti ká kọ́ ẹ̀dá kan ká sì tọ́ ọ dàgbà fún ọdún mẹ́rìndínlógún láìsú ará ìlú, Fúnkẹ́ ni. Tó bá jẹ́ ti ká da ẹ̀rín yẹn padà sí omijé kí oníwòran tó mọ̀, Tóyìn ni, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Fúnkẹ́, ẹ kú oríire. Tóyìn, ẹ kú oríire. Iṣẹ́ ò ní sú yín, ọjà ò ní kú mọ́ yín lórí, ẹ ó ṣe èyí tó jù báyìí lọ. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló kù sí wa lọ́wọ́: ẹ jẹ́ kí Jẹ́nífà àti Yétúndé jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì nínú fíìmù kan. Àwa ti múra owó tíkẹ́ẹ̀tì!