Ẹnu Ni Kí Ẹ Fi Kọ́ Ọ: Lẹ́tà láti Valencia sí Àwọn Ará Ring Road

Ẹ̀yin ará ilé mi ọ̀wọ́n ní Ring Road, ní Ìbàdàn Mesiọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé,

Láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀ pé mo ti ń gbọ́ èdè àwọn ará ibí, ó ṣọ̀wọ́n kí àbúrò kan pè mí kí ó má béèrè bí òun náà yóò ṣe gbọ́ èdè Sípéènì kí òun tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ra ìwé gírámà, wọ́n ti há ojú ewé púpọ̀ sórí, síbẹ̀ bí ènìyàn bá kí wọn pé “Hola, ¿qué tal?” ńṣe ni wọn yóò dákẹ́ bí ẹni tí omi kún ẹnu rẹ̀. Èrò tèmi ni pé èdè tí a fẹ́ fi bá ọmọ aráyé sọ̀rọ̀, etí àti ẹnu ni a fi ń kọ́ ọ, ojú yóò wá bá wọn dá sí i bó bá yá.

Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lucumí níbẹ̀, kò sí ẹni tó fi wọ́n sílé ìwé kí wọ́n tó gbọ́ èdè Sípéènì. Inú oko ìrèké Matanzas àti ojú pópó Havana ni wọ́n ti gbọ́ ọ, nínú ìyà tí kò ṣeé fẹnu sọ, wọ́n sì gbọ́ ọ débi pé àwọn kan ń fi ṣòwò, wọ́n ń san owó ìràpadà ara wọn díẹ̀díẹ̀, kí òfin tó wá tú gbogbo ẹrú sílẹ̀ ní 1886. Síbẹ̀ èdè àlejò kò lé tiwọn lọ pátápátá, nítorí nígbà tí Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé lọ sí Kúbà ní 1987, orúkọ Ṣàngó àti Ọ̀ṣun ṣì wà lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Kí ẹ̀yin ìyá tó ń bẹ̀rù pé ọmọ yóò gbàgbé ilé fi ọkàn balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tu yín nínú: ahọ́n Yorùbá kò jìnnà sí ahọ́n Sípéènì. Fáwẹ́lì márùn-ún péré ni wọ́n ní, a, e, i, o, u, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dúró lórí ohùn rẹ̀. Ẹni tó ti ń pe méje tiwa láti kékeré, kí ló kù? Ibi tí ohùn bá ti gbé sókè nínú ọ̀rọ̀ wọn a sì máa yí ìtumọ̀ padà: “hablo” ni èmi ń sọ̀rọ̀, “habló” ni ẹnìkan ti sọ̀rọ̀ kọjá, etí tó sì mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ kò ní ṣì í gbọ́. Ibi tí iṣẹ́ wà ni “r” oníbejì, nítorí “pero” ni “ṣùgbọ́n”, “perro” sì ni “ajá”. “P” wọn kì í ṣe “p” tiwa, ètè nìkan ló ń pè é. “H” wọn, ẹ má pè é rárá. “J” ni kí ẹ fi ọ̀fun pè bí “h” tiwa.

Wọ́n ní “tú” fún ẹlẹgbẹ́, wọ́n sì ní “usted” fún ẹni ọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ní “o” àti “ẹ”. Ṣùgbọ́n ọmọdé tó ń ta búrẹ́dì níbí a máa pe arúgbó ní “tú”, kò sì sí ẹni tí yóò bínú. Èmi kò ì tíì lè ṣe é. “Usted” ni mo ń pe màmá tó wà ní àjà kejì ilé wa, mo sì rò pé ó ń dùn mọ́ wọn.

Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá ni ọ̀rọ̀-ìṣe, tí ó máa ń pààrọ̀ ìrù bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ti yàtọ̀. Ẹ má bá a jà ní ọjọ́ kìíní. Ẹ mú mẹ́rin péré: “quiero”, mo fẹ́, “puedo”, mo lè, “tengo que”, mo gbọ́dọ̀, “voy a”, mo máa. Ọ̀rọ̀-ìṣe yòówù tí ẹ bá fi tẹ̀lé wọn yóò dúró gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé atúmọ̀, kò ní yí padà mọ́. “Quiero comprar tomates”, mo fẹ́ ra tòmátì. “Puedo trabajar mañana”, mo lè ṣiṣẹ́ lọ́la. “Tengo que ir al médico”, mo gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà. “Voy a volver”, mo máa padà wá. Ẹni tó bá ní mẹ́rin yìí pẹ̀lú ogún ọ̀rọ̀-ìṣe ti ní ọgọ́rin ohun tí ó lè sọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ì tíì ṣí ìwé gírámà.

Kí olúkúlùkù sì kọ́ ìdáhùn tirẹ̀, nítorí ìbéèrè tí à ń bi àlejò kò pọ̀: orúkọ, ìlú, iṣẹ́, ọmọ. Kí aránṣọ kọ́ abẹ́rẹ́ àti òwú, kí bíríkìlà kọ́ sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn, kí ó má ṣe máa há orúkọ ẹranko sórí, nítorí kò sí agbaṣẹ́ṣe tí yóò bi í léèrè àgùnfọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pé jọ wo bọ́ọ̀lù lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ní olùkọ́ láìmọ̀. Ẹ wá rédíò Sípéènì lórí fóònù, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń ròyìn eré náà. Ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá. Bí wọ́n bá ké pé “fuera de juego”, ẹ óò rí àsíá tó lọ sókè, bí wọ́n bá ní “saque de esquina”, ẹ óò rí bọ́ọ̀lù ní igun, ìtumọ̀ yóò sì wọlé láìsí ògbufọ̀. Mutiu Adépọ̀jù, ọmọ Ìbàdàn tí a bí ní 1970, gbá bọ́ọ̀lù fún Racing de Santander láti 1992 di 1996, ó sì lọ sí Real Sociedad lẹ́yìn náà, kí LaLiga, líìgì bọ́ọ̀lù Sípéènì, tó wá sọ ọ́ di aṣojú wọn ní ilé wa. N kò gbà pé inú ìwé ni ènìyàn ti ń kọ́ bí a ti ń ké “¡pásala!”, fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́, sí ẹlẹgbẹ́ ẹni. Ní ti àwọn eré ìkọ́-èdè inú fóònù, wọ́n wúlò nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dá yín dúró ní Challenge, ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń bá jiyàn?

Bí ẹ bá dé ibí, Escuela Oficial de Idiomas, ilé-ẹ̀kọ́ èdè ti ìjọba, wà, èyí tí àkọ́kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Madrid ní 1911. Bí ẹ bá sì rí àkọlé òpópónà Valencia ní èdè mìíràn, èdè ìbílẹ̀ ibí ni. Àwọn ará ibí gbọ́ Sípéènì pẹ̀lú. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, nítorí náà ẹ fi “Más despacio, por favor” sí ẹnu, kí wọ́n lè rọra sọ ọ́, àti “¿Cómo se dice esto?”, kí wọ́n lè sọ orúkọ ohun tí ẹ bá nàka sí. Wọn yóò rẹ́rìn-ín yín. Ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìtìjú ló ń dá àgbàlagbà dúró ju ọpọlọ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ni kí ẹ máa pè mí. Nígbà òtútù aago wa dọ́gba, nígbà ooru ti ibí a fi wákàtí kan ṣíwájú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, Sípéènì nìkan ni n óò máa sọ, àfi bí ó bá jẹ́ pé ìyá mi ló gba fóònù lọ́wọ́ yín.

Èmi ni ọmọ yín,
ní Valencia.