Ẹ Fi Ọgbọ́n Ìkórọ̀jọ Kún Ẹ̀kọ́ Èdè ní Yunifásítì

Ọmọ Ìlemọ̀nà tàbí ọmọ Ọ̀fà tó bá fẹ́ ka Lárúbáwá tàbí Faransé kò ní láti rìn jìnnà: Yunifásítì Ìlọrin ti wà nítòsí láti 1975. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ka èdè gbogbo kò pọ̀: wákàtí kan lọ́sẹ̀, ní ọdún àkọ́kọ́, láti kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n tí a fi ń kó ọ̀rọ̀ jọ.

Báwo la ṣe ń ṣe é báyìí? Olùkọ́ á kọ ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ sójú pátákó, á ní kí wọ́n lọ há a. Ọmọ á há a lóru ọjọ́ ìdánwò, á gba máàkì, ọ̀rọ̀ á sì fò lọ. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Ọ̀lẹ kọ́. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi orí ara rẹ̀ dán èyí wò, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1885: ohun tí a kọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í pẹ́ sá lọ, ká máa padà sídìí rẹ̀, ká sì jẹ́ kí ọjọ́ díẹ̀ là á láàrin, ló ń mú un dúró.

Ní 1972, Sebastian Leitner sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́. Gé páálí kéékèèké, kọ ọ̀rọ̀ síwájú, ìtumọ̀ sẹ́yìn, kó o sínú àpótí tó ní yàrá-yàrá. Èyí tí o mọ̀ á bọ́ sí yàrá tó kàn, kò ní tètè kàn ọ́ mọ́. Èyí tí o gbàgbé á padà sí yàrá àkọ́kọ́. Páálí bisikíìtì tó láti fi ṣe é, kò sì nílò iná mànàmáná, ìyẹn ti tó ọpẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ wá wo Lárúbáwá. Kitāb ni ìwé, kātib ni akọ̀wé, maktab ni ọ́fíìsì, maktaba ni ilé ìkàwé. Ẹni tó bá mọ gbòǹgbò tó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ìdajì iṣẹ́ ti tán fún un. Ọmọ Yorùbá sì ti ń sọ àlùbáríkà àti wàásù, tí a yá láti inú Lárúbáwá, nílé kó tó wọ kíláàsì. Ta ló ń pe àkíyèsí rẹ̀ sí i?

Àwọn kan á ní kò sí àyè, iṣẹ́ inú sílébọ́ọ̀sì ti pọ̀ jù. Àìsí àyè yẹn gan-an ni ẹjọ́ wa. Paul Nation, onímọ̀ èdè ará New Zealand, ṣírò rẹ̀ ní 2006 pé ẹni tó máa ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì láìsí olùrànlọ́wọ́ á nílò ìdílé ọ̀rọ̀ bíi 8,000 sí 9,000. Olùkọ́ wo ló lè fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ wọn tán lọ́dún mẹ́rin? Ọmọ ló máa fúnra rẹ̀ wá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wá a.

Àtúnṣe kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dé sáàrin wa. Ilé kéú ti mọ agbára àtúnkà tipẹ́. Síbẹ̀, Sheikh Adam Abdullah al-Ilori kò torí ìyẹn jókòó, ó dá ilé ẹ̀kọ́ Markaz sílẹ̀ ní 1952, ó sì mú ìlànà kíláàsì wọ ẹ̀kọ́ Lárúbáwá.

Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka èdè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ sẹ́nétì. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá wálé ìsinmi, kẹ́ ẹ tó bèèrè èsì ìdánwò, ẹ ní kó gbé àpótí páálí rẹ̀ wá kẹ́ ẹ wò ó.