Kí Alápatà Tó Dé

  Ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti owó tí àgbò ń lọ nígbà Iléyá. Ọ̀rọ̀ ẹran tí àìsàn kọ lù lójijì ni: ewúrẹ́ tí ilẹ̀ mọ́ tí ikùn rẹ̀ wú, àgùntàn tó ń rọbí tí ọmọ kò jáde, ajá tó wọlé tó ń da itọ́ lẹ́nu. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ nílé yín, ta lẹ kọ́kọ́ ń pè?

Mo mọ ohun tó ń pa àwọn kan lẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn. Alápatà ni. Nọ́ńbà alápatà wà nínú fóònù gbogbo wa, ó sì máa ń tètè gbé e. Kò ní pẹ́, á ti dé tòun ti ọ̀bẹ àti owó lọ́wọ́, á yí ẹran náà wò, á mi orí, á sì dá iye tó wù ú. Ẹni tí ẹran rẹ̀ ń kú lọ, kí ló fẹ́ ná? Ẹran tí ẹ tọ́ fún ọdún méjì, owó tí kò tó ìdajì lẹ ó gbà lórí rẹ̀, ẹ ó sì tún dúpẹ́. Èmi ò bá alápatà jà o, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé dókítà ẹran ló yẹ ká kọ́kọ́ pè, ká sì pè é nígbà tí ẹran ṣì lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bí a bá ti sọ báyìí, àwọn kan á ní: "Dókítà ẹran wo? Ẹyọ kan péré ló wà fún gbogbo agbègbè wa, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn." Òótọ́ ni, mi ò ní jiyàn. Ẹni kan lórí alùpùpù kan, abúlé lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Ó yẹ kí ìjọba fi kún wọn, a ti sọ ọ́ lórí rédíò yìí, a ó sì tún máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka wákàtí pọ̀. Bí ewúrẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ àìsàn láàárọ̀, tí a pe dókítà nírọ̀lẹ́, tó sì lo wákàtí 2 lójú ọ̀nà, wákàtí mélòó ló sọnù lọ́dọ̀ rẹ̀? Mélòó ló sọnù nínú agbo ilé wa?

Ẹgbẹ́ kan ló sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wa, mi ò ní dárúkọ abúlé wọn. Ìyá kan tó ń ta àkàrà fi owó ara rẹ̀ ra abo ewúrẹ́ kan. Ewúrẹ́ lóyún, oyún dàgbà, ọjọ́ ìbí pé. Nígbà tí àwọn ọmọ ń lọ sí ilé ìwé láàárọ̀, ó ti ń rọbí, omi ti tú, kò sì sí ọmọ. Ọkọ wà lóko, oko ọ̀hún jìnnà, fóònù kì í gbà níbẹ̀. Ìyá alákàrà ní òun fẹ́ pe dókítà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó ní sùúrù. Àbúrò ọkọ ní a kì í pe àlejò sí ẹran ilé láìjẹ́ pé bàálé mọ̀ sí i, àti pé ta ni yóò san owó? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wò ó títí oòrùn fi rọ̀. Baálé dé, ó da ọkọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni: "Kí ló dé tí ẹ ò pè é láti àárọ̀?" Ọmọ méjèèjì ti kú nínú ìyá. Ìyá pàápàá kò rí ilẹ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ wo ohun tó dùn mí jù níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn kì bá má bínú rárá! Gbogbo ilé ń bẹ̀rù ìbínú tí kò sí. Wọn ò bi í léèrè rí nígbà tí ara ẹran le, òun náà kò sì sọ ọ́ rí. Ẹran obìnrin náà ni, owó àkàrà rẹ̀ ló fi rà á, síbẹ̀ kò ní ẹnu láti pe ẹni tí yóò gbà á là. Ní tèmi, àyè tí àrùn ń gbà wọlé sí wa nìyẹn, ó sì ń pa ẹran wa ju ọ̀nà jíjìn lọ. Ẹni tó bá wà nílé nígbà tí àìsàn dé ló yẹ kó pe dókítà, ì báà jẹ́ ìyàwó, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 12 tó mọ fóònù tẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í dúró de baálé. Ewúrẹ́ tàbí àgùntàn tí omi rẹ̀ ti tú, tó sì ti ń fi agbára rọbí fún wákàtí 1 láìsí ọmọ, ẹ pè. Ẹ má fi ọwọ́ tí ẹ ò fọ̀ wọ inú rẹ̀, ẹ má sì fa ẹsẹ̀ ọmọ tó bá yọ ní ẹyọ kan, torí ó lè jẹ́ pé ọmọ dábùú. Ẹran tí ikùn rẹ̀ wú ní ẹ̀gbẹ́ òsì, tí ẹ fi ìka lù ú tó dún bí ìlù, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀, ó sì ń ti ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ gbé e dìde, ẹ jẹ́ kí apá iwájú rẹ̀ ga ju ẹ̀yìn lọ, ẹ máa mú un rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíì sì máa tẹ fóònù. Ẹ má jẹ́ kó sùn lé ẹ̀gbẹ́.

Eèpo gbágùúdá ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe gàrí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Eèpo tútù ní májèlé nínú, pàápàá ti gbágùúdá kíkorò, ebi sì máa ń jẹ́ kí ẹran já okùn lọ bá a. Tó bá jẹ ẹ́ tó, á máa mí gúlegúle, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á ṣubú, nígbà míì kí ẹ tó parí ẹ̀kú rírò. Bí ẹ bá fẹ́ fún ẹran ní eèpo, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa. Oògùn òwú náà nìyẹn. Ní apá Kétu àti Sábẹ tí òwú pọ̀ sí, ẹran máa ń lá agolo oògùn tí a jù sẹ́yìn ilé. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ki wàrà tàbí epo pupa sí ẹran tí kò lè gbé nǹkan mì lọ́nà ọ̀fun, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ. Ẹ di agolo náà mú, kí ẹ ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ fún dókítà lórí fóònù. Orúkọ yẹn ni yóò fi mọ oògùn tí yóò gbé wá.

Ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn gan-an, à ń ṣe é bí ẹni ń kí ara. "Ẹ kú àárọ̀ dókítà, ilé ńkọ́, ẹran wa ò yá o." Ẹran wo? Kí ló ń ṣe é? Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí: ọjọ́ orí rẹ̀, bóyá ó lóyún, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó jẹ kẹ́yìn, bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí, bóyá òun nìkan ni tàbí àwọn mìíràn ti ń húkọ́. Dókítà tó bá gbọ́ èyí lè ti máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe kó tó dé, ó sì lè mọ̀ pé ti abúlé tiyín ló kàn kó tó lọ síbòmíì.

Ti ajá ò jọ ti àwọn yòókù, torí nínú ọ̀rọ̀ ajá, ènìyàn ló ṣáájú. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ì báà jẹ́ ajá ilé yín tí ẹ mọ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15. Mo ní 15, kì í ṣe kí ẹ dà omi sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fi ata, ẹ má fi epo, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́. Àrùn dìgbòlugi, bí ó bá ti fara hàn lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Nípa ajá náà, ìwà wa ni pé ká gbá a ní igi pa lójú ẹsẹ̀, ká sì jù ú sí ìgbẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe láìfi ara ẹnikẹ́ni wewu, ẹ tì í mọ́lé, kí ẹ pe dókítà ẹran, kó máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bí ó bá pé ọjọ́ 10 tí ara rẹ̀ sì le, a mọ̀ pé kò ní dìgbòlugi lára lọ́jọ́ tó bu ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bù jẹ ò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ 10 yẹn kó tó lọ gba abẹ́rẹ́. Mo tún un sọ nítorí àwọn tó ń fọ̀rọ̀ gbọ́ láàbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sórí owó, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń há. Dókítà yóò gba owó ẹsẹ̀, yóò gba owó oògùn. Àwọn kan ń sọ pé olè ni. Epo bẹntiróòlù kọ́ ni ó ń bù nínú odò, ẹ jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà gbà pé owó náà kì í sí nílé lọ́jọ́ tí àìsàn dé, ìdí nìyẹn tí alápatà fi ń borí: ó ń mú owó wá, dókítà ń gba owó lọ. Àwa tí a mọ àjọ dídá fún ìkómọjáde, fún ìsìnkú, fún owó ilé ìwé, kí ló dé tí a ò lè dá ti ẹran? Bí ẹni 20 nínú ẹgbẹ́ bá ń mú 200 sẹ́fà wá lóṣù, 4 000 nìyẹn, lọ́dún ó di 48 000. Ẹni tí ẹran rẹ̀ bá ṣàìsàn, àpótí á san owó zémidjan tàbí epo dókítà lójú ẹsẹ̀, kò ní í tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yóò wá máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ méjì, lọ́wọ́ obìnrin méjì, ni èmi fara mọ́ jù. Ẹ lè bá mi jiyàn lórí ìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ẹran ló tó ná owó yẹn lé. Adìyẹ tí àrùn ìgbà ọ̀yẹ́ ti kọ lù, tó ń yí ọrùn, tó ń ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, kò sí oògùn tó ń wò ó, bí ẹ tilẹ̀ pe dókítà mẹ́wàá. Àwọn tí ara wọn ṣì le ni kí ẹ yà sọ́tọ̀. Àjẹsára ni ti adìyẹ, kí ọ̀yẹ́ tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní PPR, tó ń jẹ́ kí ojú àti imú ewúrẹ́ máa ṣomi, kí ẹnu rẹ̀ dégbò, kí ó máa yàgbẹ́ gbuuru: oògùn tí a bá fún un kì í pa àrùn náà gan-an, ó kàn ń lé àwọn àrùn mìíràn tó bá a wọlé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ẹyọ kan ń dáàbò bo ẹran fún ọdún 3 ó kéré tán. Èyí tí wọ́n ń lò jù lágbàáyé, ara kòkòrò àrùn tí wọ́n rí ní Nàìjíríà níbí ní 1975 ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ ò rí i, ìlú aládùúgbò wa ló ti jáde, àwa la tún ń sá fún un bí wọ́n bá gbé e dé abúlé.

Àwọn tó ń gbé àpò oògùn kiri ọjà ńkọ́, tí wọ́n ń gún ẹran? Abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n fi ń gún ti ilé yìí àti ti ilé kejì. Oògùn ti wà lóòrùn láti àárọ̀. Bí ẹran náà kò bá yè, wọ́n á ní kí ẹ tètè tà á, oògùn á sì bá ẹran lọ sínú ìkòkò ẹni ẹlẹ́ni. Mi ò rí ohun rere kan sọ nípa wọn.

Ẹran tó bá kú lójijì tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú tàbí ní ìdí rẹ̀, ẹ má là á, ẹ má tà á, ẹ má jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ èyí tí àwọn dókítà ń pè ní charbon, ó ń pa ènìyàn, ó sì ń pẹ́ nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ lé ọmọdé àti ajá kúrò níbẹ̀, ẹ pe dókítà, alápatà kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe kó tó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ nìyí. Ẹ wá nọ́ńbà dókítà ẹran agbègbè yín, kí ẹ fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo ilé yóò ti máa rí i, kì í ṣe inú fóònù baálé nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin bàbá, kí kálukú yín dìde níwájú ẹgbẹ́, kó sọ ọ́ létí ìyàwó rẹ̀, létí ìyá rẹ̀ àti létí àwọn àbúrò rẹ̀ pé: "Bí mi ò bá sí nílé tí ẹran ṣàìsàn, ẹ pè é." Ẹgbẹ́ tó bá ti ṣe é, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, a ó gbé e sáfẹ́fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tí àwọn bàbá kò bá fẹ́ sọ ọ́ náà, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wa.