Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí Rédíò Sọ: "Re-impose"

Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ṣoṣo ni a óò tú wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ó ti sọ ìyá kan ní Ìlasà wa níhìn-ín di ẹni tí ó sun ẹ̀bá ọ̀nà.

Ní ọjọ́ 10 oṣù May ọdún 2021, nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáànì ń parí lọ, ìjọba àpapọ̀ kéde òfin kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn kòrónà, láti agogo 12 òru títí di agogo 4 ìdájí. "Re-impose" ni àwọn oníròyìn fi pè é. Ìyá yìí bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ léèrè ìtumọ̀. Ọmọ náà ní, "Ìyá àgbà, wọ́n ní àwọn ti dá òfin náà padà." Ìyá ṣe àlùámúdù. Ẹni tí ó bá dá ẹrù padà, ṣebí ẹrù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn?

Ní agogo 2 òru, ó wọ ọkọ̀ lọ ra ọjà Ìtúnu-ààwẹ̀. Wọn kò rìn jìnnà tí àwọn agbófinró fi dá wọn dúró. Ẹ̀bá títì ni ó ti jẹ sààrì, omi àti àkàrà tútù. Nígbà tí ó dé, èmi ni ó kọ́kọ́ bá wí: "Ààfáà, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ ò sọ fún wa!" Ó jàre.

Láti inú èdè Látìn ni "impose" ti wá: kí á gbé nǹkan lé orí nǹkan. Ẹ wo ẹni tí ó ru igi ìdáná. Ẹni tí ó gbé e rù ú ni ó "impose". Bí ó bá sọ ọ́ kalẹ̀ fún un, Òyìnbó ní ó "lift". Bí aláàárù bá ti ń na ọrùn, tí wọ́n tún gbé igi yẹn kan náà padà sórí òṣùká, "re-impose" nìyẹn. Kí á yáa máa wí pé ìjọba tún gbé òfin lé wa lórí. "Dá padà" lójú méjì.

Ẹrù gbọ́dọ̀ ti kúrò lórí ná o. Ní ọjọ́ 30 oṣù March ọdún 2020, wọ́n ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa. Ní ọjọ́ 13 oṣù April, Ààrẹ Buhari fi ọjọ́ 14 kún un. Ìyẹn kì í ṣe "re-impose", "extend" ni, nítorí a kò tíì sọ ẹrù. Ìjọba Èkó náà ní kí mọ́ṣáláṣí ṣí ní ọjọ́ 19 oṣù June. Nígbà tí ó di ọjọ́ 16, wọ́n ní ó tún di ìgbà kan ná. A kò tíì ṣílẹ̀kùn, kí ni wọ́n tún tì? Oṣù August ni wọ́n tó ṣí i.

Ohun tí ń ni ènìyàn lára ni wọ́n ń lò ó fún: òfin, owó orí, owó ibodè tí ìjọba Ọbásanjọ́ fòpin sí ní 2004. Bí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí gba irú owó bẹ́ẹ̀, "re-impose" tọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá owó oṣù tíṣà tí wọ́n gé padà sí bó ti wà, "restore" ni.

Ọmọ náà ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìyá àgbà ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n bí rédíò bá tún sọ Òyìnbó, ọ̀dọ̀ mi ni òun ń bọ̀ tààrà.