Ẹ Má Fi eval Jí Method Tó Ti Kú

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àṣà kan wà nínú kóòdù wa tó yẹ ká jáwọ́ nínú rẹ̀ kíá. Ẹnì kan á kọ class tó ń jẹ́ Akeko, á fi method tó ń ṣírò GPA sínú rẹ̀, á wá fi JSON.stringify tọ́jú object rẹ̀ sínú localStorage. Tó bá fi JSON.parse kó o padà, browser á ní method yẹn kì í ṣe function. Ìjà dé! Ni àwọn kan bá ń kọ method náà bí ọ̀rọ̀ lásán sáàárín dátà, wọ́n á sì fi eval jí i dìde.

A ò gbà. JSON kò jí nǹkan kan gbé. Dátà nìkan ló mọ̀: string, nọ́ńbà, true, false, null, array àti object lásán. Inú prototype class ni method ń gbé, kì í bá dátà rìnrìn àjò. Ìwé tí télọ̀ kọ ìwọ̀n oníbàárà sí kò lè rán aṣọ. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń rán an. Kódà Date tí ẹ bá kó wọlé, string ló máa jáde.

Wọ́n ní, "Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́." Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí dátà bá ti gba ọwọ́ ẹlòmíì kọjá, ohunkóhun tó bá kọ síbẹ̀ ni eval yóò ṣe lórí ẹ̀rọ ẹni tó ń lò ó.

Àwọn mìíràn ń lo Object.setPrototypeOf. Ó sàn ju eval lọ, ṣùgbọ́n constructor kò ní ṣiṣẹ́: kò sẹ́ni tó yẹ dátà wò, private field tí a fi # kọ kò sì ní sí níbẹ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ kò gùn. Ẹ kọ static method kan, ẹ pè é ní fromJSON. Kí ó gba dátà, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sọ string ọjọ́ di Date, kí ó sì fi new Akeko dá object tuntun. Bí object bá wà nínú object, kí class kọ̀ọ̀kan dá tirẹ̀.

Lọ́la, dátà owó àti ìlera àwọn èèyàn ni yóò wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin àgbà wa tó ti jáde, bí ẹ bá ń yẹ kóòdù àwọn àbúrò yín wò, tí ẹ rí eval níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí i.