Ẹni Tí Yóò Lò Ó Ni Kí A Kọ́kọ́ Bi

Àwọn baba wa a máa wí pé gbẹ́nàgbẹ́nà parí iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó wá ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà sì bá ẹni tí ń gbẹ́ igi mu púpọ̀, nítorí pé ìgbà tí àáké àti ọ̀bẹ bá ti sinmi ni àwọn onímọ̀ràn ẹ̀bá ọ̀nà ń dé. Ṣùgbọ́n ní ti iṣẹ́ kan tí ó ti ń gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ wa ní Àkúrẹ́ Ọ̀yẹ́mẹ̀kún àti ní Oǹdó Ẹ̀kímọ̀gún, èyíinì ni iṣẹ́ dìsáìnì, iṣẹ́ kí a ro ohun èlò, kí a yà á sórí ìwé, kí a ṣe é wò, kí a sì tún un ṣe kí ó tó di ohun tí a ń rọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, èrò tèmi ni pé gbẹ́nugbẹ́nu ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí gbẹ́nàgbẹ́nà máa bọ̀ lẹ́yìn. Àti pé ẹni tí ó bá jẹ́ olórí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí kò bá mọ ẹnu tí ó yẹ kí ó gbọ́ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ pé kò sí ọlọ́wọ́ iṣẹ́ bíi tirẹ̀ láti Ìdànrè dé Ọ̀wọ̀, òfo ni yóò máa gbẹ́.

Bọ́lọ́rundúró ni mo ti ń wo ọ̀ràn náà, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó, tí ó jókòó lójú ọ̀nà tí ó so Oǹdó pọ̀ mọ́ Àkúrẹ́. Ní apá kan wa, ní Àkúrẹ́, ni FUTA wà, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1981, níbi tí ẹ̀ka kan wà tí ó jẹ́ pé dìsáìnì nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń jáde, tí ẹni méjì mẹ́ta ń da owó pọ̀ gba yàrá, tí wọ́n ń kọ pátákó síta, tí ọ̀kan nínú wọn sì ń di ọ̀gá lójijì. Ní apá kejì ni ọjà Oǹdó wà. Àárín méjèèjì ni àwa wà, àwa tí a ń gbin kòkó, tí a ń gbin ẹ̀gẹ́, tí a ó sì lo ohunkóhun tí àwọn ọmọ náà bá rò, yálà wọ́n bi wá léèrè tàbí wọn kò bi wá.

Bí ẹnìkan bá lérò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní irú ilé-iṣẹ́ báyìí, kí ó rántí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1873. Ìsẹ̀ ni ó gbé dàgbà, ìránṣẹ́ ni ó jẹ́ láàfin Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ tó di ohun tí àwọn ọba Èkìtì àti ti àyíká wa ń ránṣẹ́ wá wá, ó sì kú ní 1938. Nǹkan bí ọmọṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni ó ṣe àwọn òpó àti ìlẹ̀kùn fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, níbi tí ọ̀nà kò jìn sí Àkúrẹ́. Lára ìlẹ̀kùn náà ni ó ya ọba sí lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé àti olorì, ó sì ya ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sí apá kejì, tí àwọn aláàárù rù ú sórí àga, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kò bí ẹni tí àyè kò gbà. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Chicago báyìí. Ìlẹ̀kùn náà lọ sí Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, níbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe. British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò gbà láti tà á, ṣùgbọ́n ó fi ṣe pàṣípààrọ̀ ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹnìkan bá wí pé wọ́n rẹ́ ọba jẹ, n kò ní bá a jiyàn. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé Kábíyèsí mọ ohun tí ilé òun ń fẹ́, ó sì sọ ọ́ lójú àwọn tí ó lágbára jù ú lọ, irú oníbàárà tí gbogbo ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà ìbá máa gbàdúrà fún.

Àṣà ìgbà náà ni pé ẹni tí ó bá ránṣẹ́ pe agbẹ́gilére ni yóò gbà á sílé, tí yóò máa bọ́ ọ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Àwọn ọlọ́gbọ́n òde òní ń sanwó ńlá fún àwọn olùkọ́ láti wá kọ́ wọn ní ohun tí àṣà yìí ti fi síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: ẹni tí ó bá ń jẹ, tí ó ń sùn, tí ó sì ń jí nínú ààfin kan yóò mọ ibi tí oòrùn ń gbà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, yóò mọ ibi tí àwọn ìjòyè ń dọ̀bálẹ̀ sí, yóò mọ bí òpó ti gbọ́dọ̀ gbé òrùlé dúró kí ó tó di pé ó lẹ́wà. Kò lè gbẹ́ òpó Ìkẹ́rẹ́ kí ó jọ ti ìlú mìíràn. Ọ̀gá dìsáìnì tí ó jókòó sí Alágbàká ní Àkúrẹ́, tí ó ń ya ẹ̀rọ tí a ó lò ní oko wa láìtíì dé ibẹ̀ rí, kí ni yóò wí níwájú òkú Ọlọ́wẹ̀?

Nípa àwọn ọmọṣẹ́ ńkọ́? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní Washington, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà, àwo ọlọ́mọrí kan wà tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́, tí àwọn ère tí ó kúnlẹ̀ gbé e ró yí ká, tí orí ènìyàn kan sì wà láàárín wọn tí ń yí gbirigbiri láìlè jáde, bẹ́ẹ̀ igi kan náà ni gbogbo rẹ̀. N kò rò pé irú èyí ni ọ̀gá ń gbé lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n n kò rò pé òun náà ni ó ń bó èèpo ìrókò fúnra rẹ̀. Ọ̀gá tí ó bá ń já ọ̀bẹ gbà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ, tí ó jẹ́ pé bí kò bá fọwọ́ kàn án kò dára, yóò kàn di agbẹ́gilére tí ó ti rẹ̀ ni. Ilé rẹ̀ yóò sì máa retí rẹ̀ kí ó tó lè mí.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò láàfin, kí a dé ìdí gààrí. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tí ariwo rẹ̀ kò jẹ́ àjèjì ní abúlé kankan ní agbègbè wa, ilẹ̀ Dàhòmì ni àwọn Faransé ti kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ wọlé ní àwọn ọdún 1930. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1940, àwọn wẹ́dà àti mẹkáníìkì ilẹ̀ Nàìjíríà ti yí i padà sí tiwọn: wọ́n fi páànù tí a fi ìṣó lu wé igi róbótó, wọ́n so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé bí eyín rẹ̀ bá kú láàárọ̀, ọmọṣẹ́ kan lè fi òòlù àti ìṣó pa òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Orúkọ wọn kò sí lẹ́nu wa, wọn kò gba ẹ̀bùn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ kò sí dìsáìnì kan ní ilẹ̀ yìí tí ó tíì ran àwọn obìnrin wa lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fún wọn ní ọgbọ́n náà kò fara sin: ìsọ̀ wẹ́dà kò jìnnà sí ìdí gààrí, obìnrin tí ẹ̀rọ bá já kulẹ̀ yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ohùn tí gbogbo àdúgbò yóò gbọ́.

Síbẹ̀, ọ̀bẹ ni a ṣì fi ń bẹ ẹ̀gẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, títí kan àwọn ti FUTA, ti ṣe wàhálà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ẹ̀gẹ́ kì í dọ́gba: ọ̀kan wọ́, ọ̀kan wú, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rọ tí ó bá sì bẹ èyí tí ó tóbi dáadáa yóò gé nínú ara èyí tí ó kéré dànù. Ìṣòro irin àti abẹ nìyẹn, wọn yóò sì borí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èyí tí ó tún wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọ̀gá dìsáìnì dúró tì. Ìyá àgbà tí ń bẹ ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ẹni kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ni ẹ̀gẹ́, owó iṣẹ́ tí wọ́n ń san fún un ni ó fi ń ra epo àti iyọ̀. Ẹni tí ó jókòó ti agbada, tí èéfín ń wọ̀ lójú láti àárọ̀, yàtọ̀ sí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ sì yàtọ̀ sí ẹni tí yóò kó àpò gààrí lọ sí Oǹdó. Bí ọ̀gá náà bá bi oní-ẹ̀gẹ́, yóò ní kí ó ṣe ẹ̀rọ tí ń bẹ ẹ́. Bí ó bá bi ìyá àgbà, ìyá lè bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe àpótí ìjókòó tí ẹ̀yìn kò fi ní dun òun àti ọ̀bẹ tí kì í gé ènìyàn. Bí ó bá bi ẹni tí ń yan gààrí, ọ̀rọ̀ èéfín ni yóò kọ́ sọ. Gbogbo wọn ni wọn yóò lò ó, gbogbo wọn ni òtítọ́ wà lẹ́nu wọn, olórí ilé-iṣẹ́ sì ni yóò pinnu ẹni tí a ó ṣe tirẹ̀ ṣáájú, tí yóò sì dá àwọn yòókù lóhùn láìparọ́. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni a fi ń pè é ní ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó lè yàwòrán jù ú lọ.

Àìbi ẹnìkankan yìí ti ná ayé lówó gọbọi. Ní ilẹ̀ South Africa, wọ́n ṣe ẹ̀rọ omi kan tí wọ́n pè ní PlayPump: àwọn ọmọdé yóò máa fi kẹ̀kẹ́ róbótó ṣeré, yóò máa yí, eré wọn yóò sì máa fa omi láti inú ilẹ̀ sínú táǹkì lókè. Ọkàn gbogbo àwọn olówó yọ́. Ní 2006, Laura Bush, aya ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, kéde mílíọ̀nù 16.4 dọ́là fún un, wọ́n sì fẹ́ kí 4,000 irú rẹ̀ wà káàkiri Áfíríkà nígbà tí 2010 yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ṣeré tẹ́rùn yóò lọ sílé. Àwọn ìyá ni wọ́n wá ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé kiri nínú oòrùn kí wọ́n tó rí omi sè. Ìwé ìròyìn Guardian ti Lọ́ńdọ̀nù ṣírò rẹ̀ ní 2009 pé kí omi tí wọ́n ṣèlérí tó tó, àwọn ọmọ ní láti ṣeré fún wákàtí 27 lójúmọ́ kan. Kí a tó rí ìparí 2010, ètò náà ti fọ́. Àwọn tí ó sanwó rí dìsáìnì náà, inú wọn dùn. Àwọn tí yóò lò ó kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti pinnu.

Nílé níhìn-ín, Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan tí ìdílé rẹ̀ ń mọ ìkòkò ní àríwá Nàìjíríà, fi ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá ní 1995, ó da iyanrìn sáàárín wọn, ó rin ín gbingbin, ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Ìkàn tí ń jẹrà ní ọjọ́ mẹ́ta wá ń lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Àwọn amọ̀kòkò ibẹ̀ ni ó gbà síṣẹ́. Ẹ̀bùn Rolex tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, èyí tí ó tọ́ sí i.

Nípa owó, n kò ní fi ọ̀rọ̀ gùn. Ìwà kan wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wa, tí wọ́n máa ń wí pé, "Ẹ kọ́kọ́ yà á ká wò ó ná," wọn yóò sì gbé àwòrán náà lọ fún wẹ́dà tí owó rẹ̀ kéré. Oníbàárà nìkan kọ́ ni mo dá lẹ́bi. Ọ̀gá tí ó gbà pé àwòrán nìkan ni iṣẹ́ òun ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ fi lọ jókòó sí ìdí gààrí, tí ó ń bèèrè, tí ó ń wò, àwọn gan-an ni kí ó gba àsansílẹ̀ lé lórí, bí Ògògà ti bọ́ Ọlọ́wẹ̀ kí òpó tó dìde.

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ kì í bi ara wọn ni ti ọjọ́ tí ọ̀gá kò ní sí mọ́. Ní 1947, àwọn àlùfáà Àgùdà méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti kó àwọn agbẹ́gilére, àwọn ahunṣọ àti àwọn onílẹ̀kẹ̀ jọ. Ọdún 1954 ni wọ́n tì í. Ọdún méje péré, ẹni tí ó bá ń wo pátákó ẹnu ọ̀nà yóò wí pé ó kùnà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Àreògún, ó sì gbẹ́ igi títí ó fi kú ní 2009, ó kọ́ àwọn mìíràn ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Ìwé òfin ilé-iṣẹ́ kò lè ṣe èyí. Ọwọ́ tí a jọ dì mú ni.

Mo ní ohun kan láti béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe àkóso ìjọba ìbílẹ̀ wa àti ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ fún àwọn alágààrí Bọ́lọ́rundúró, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe. Ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ dìsáìnì Àkúrẹ́, kí ẹ sì san owó fún un láti gbé pẹ̀lú wa ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, nítorí pé ẹ̀gẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn kò rọrùn láti bẹ bíi ti òjò. Kí ó ṣe ẹyọ kan wá kí a lò ó bà jẹ́, kí ó tún un ṣe. Kí ìdá tí ó gbẹ̀yìn nínú owó náà má sì jáde àfi bí obìnrin tí ń bẹ ẹ̀gẹ́ àti èyí tí ń yan gààrí bá ti tẹ̀ka sí ìwé pé ó dára. Kí ẹ sì san owó àwọn ọjọ́ tí wọ́n fi dán an wò fún wọn, nítorí pé ọjọ́ ọjà ni wọ́n yọ sílẹ̀ fún un.