Ẹni Tó Ni Ikùn Ni Kó Kọ́kọ́ Mọ Ìtọ́jú Àpò Rẹ̀

Ọwọ́ ara ẹni la fi í tún ìwà ara ẹni ṣe. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ìwà ni wọ́n sì ń bá wí. Lónìí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìtọ́jú ara ni mo fẹ́ fi òwe náà wò. Ọ̀rọ̀ àwọn tí dókítà fa ìfun wọn yọ sí ara ikùn ni, tó jẹ́ pé inú àpò tí a lẹ̀ mọ́ ikùn ni ìgbẹ́ wọn ń bọ́ sí. Kọlọ́sítọ́mì ni àwọn oníṣègùn ń pe èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń rúnjú, ẹ má ṣí ojú ewé yìí kọjá o. Ìrúnjú yẹn gan-an ló ń ṣe àwọn ènìyàn wa ní jàǹbá.

Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àsasí. Jẹjẹrẹ ìfun lè fà á. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun tó ti lu ìfun lè fà á. Ìjàǹbá ọkọ̀ àti ọta ìbọn náà lè fà á. A sì ń bí ọmọ mìíràn láìní ihò ìdí. Fún ẹlòmíràn, oṣù díẹ̀ ni, dókítà yóò sì dá ìfun padà. Fún ẹlòmíràn, títí ayé ni.

Àbúrò bàbá mi kan ń ṣe iṣẹ́ télọ̀ ní Jọ́ọ̀sì. Bàbá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Jẹjẹrẹ mú wọn ní ìsàlẹ̀ ìfun, àpò sì di ti títí ayé. Ní ilé ìwòsàn, Ìyá Ìbejì nìkan ni nọ́ọ̀sì pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi bí a ṣe ń pààrọ̀ àpò hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó di ilé. Fún odidi ọdún kan, Bàbá Ìbejì kò wo ikùn ara wọn. Bí àpò bá kún, wọn yóò ránṣẹ́ pe ìyàwó wọn lọ́jà. Bí ó bá ń pààrọ̀ rẹ̀, wọn yóò kọjú sí ògiri.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìyá Ìyá Ìbejì kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni ìyàwó wọn lò níbi ìsìnkú. Ní ọjọ́ kẹta, àpò já. Bàbá Ìbejì fi ọ̀rá àti sẹ́lótéèpù dí i, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọn kò sì jẹun mọ́ kí ìgbẹ́ má baà jáde. Kí Ìyá Ìbejì tó dé, awọ ikùn ti bó. Télọ̀ tó ń fi àlùmọ́gàjí gé agbádá fún gbogbo ìlú, kò lè gé ihò kékeré kan sára àpò tiwọn!

Àwọn kan yóò ní, “Kí la ń fẹ́ aya fún?” Èmi náà mọ̀ pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó lẹ́rù ni yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ tirẹ̀ mú un, ẹlòmíràn kàn ń bá a gbé e rù ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé aya ló ni àpò ńkọ́? Mélòó nínú àwa ọkùnrin ni yóò dúró tì í?

Iṣẹ́ náà kò kọjá agbára ẹnikẹ́ni. Ẹnu ìfun tó wà ní àlàáfíà máa ń pupa, a sì máa tutù bí inú ẹnu wa. Fífi ọwọ́ kàn án kì í dunni. Bí ó bá di dúdú tàbí àwọ̀ àlùkò, ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbà lọ. Kí a da àpò nù kó tó kún kọjá ààbọ̀, kí ìwúwo rẹ̀ má baà fà á já. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí a fi wẹ awọ tó yí i ká, kí a jẹ́ kó gbẹ, kí a má fi òrí tàbí ìpara kankan pa á, torí àpò kò ní lẹ̀. Kí ihò àpò fi nǹkan bíi mílímítà 2 sí 3 tóbi ju ẹnu ìfun lọ. Bó bá fẹ̀ jù, ìgbẹ́ yóò jẹ awọ. Bó bá fún jù, yóò ha ìfun. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 àkọ́kọ́, ẹnu ìfun máa ń sún kì, nítorí náà kí a máa wọ̀n ọ́n.

Iṣẹ́ ọkọ tàbí aya bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú aláìsàn kò dé. Kí ó mú dígí dání, kí ó yẹ awọ ìsàlẹ̀ wò, kí ó sì mọ gbogbo rẹ̀ ṣe nítorí ọjọ́ àárẹ̀.

Ìtàn àpò yìí pàápàá gbè mí lẹ́yìn. Ní 1954, nọ́ọ̀sì kan ní Dẹ́máàkì, Elise Sørensen, rí i pé Thora, ọmọ ìyá rẹ̀, kò fẹ́ jáde mọ́ nítorí ẹ̀rù pé ìgbẹ́ yóò jò láàárín èrò. Òun ló ronú kan àpò tó ń lẹ̀ mọ́ ara, tí a ń lò tí a sì ń sọ nù. Ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, Norma Gill, tí òun fúnra rẹ̀ ti gba irú iṣẹ́ abẹ yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn aláìsàn ní ìtọ́jú ara wọn ní 1958, lọ́dọ̀ dókítà Rupert Turnbull. Ìfẹ́ ẹbí ló bí àpò. Ẹni tó ti lò ó ló sì kọ́ ẹlòmíràn.

Lọ́dọ̀ tiwa, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ àpò yìí ti ń wá, ó sì wọ́n. Ọ̀rá àti àkísà ni àwọn tálákà ń lò. Ẹni tí kò rówó ra àpò ló tún nílò ẹ̀kọ́ ìtọ́jú awọ jù. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìṣègùn láàárín wa, ẹ má jẹ́ kí aláìsàn lọ sílé láìjẹ́ pé ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ àpò lójú yín, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, kí ọkọ tàbí aya rẹ̀ dúró tì í. Pàápàá àwa tí a wà ní Òkè Ọya, tí ìyá àti ẹ̀gbọ́n jìnnà sí, ta ni a óò ké sí lóru?

Bàbá Ìbejì ti ń dá a ṣe báyìí. Ìyá Ìbejì a mú dígí, wọn a ní, “Gbé e sókè díẹ̀.” Ìyàwó wọn a fèsì pé, “Ẹ rọra o, Bàbá Ìbejì, kì í ṣe agbádá lẹ̀ ń gé.” Ẹni tó jìn sí kòtò ti kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.